Ìró Àwo Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúgbò Gounghin, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìsọ̀ yín ní ọjà Rood Woko, ẹ̀yin tí ẹ so rédíò mọ́ orí alùpùpù tí ẹ ń lọ sílé, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní: iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀, àti bí a ṣe ń tún ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ṣe kí ó lè ṣeé gbọ́.

Màmá kan ló wá bá mi nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Bàbá wọn ti dolóògbé, ṣùgbọ́n kí bàbá tó lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ gbé fóònù sórí tábìlì, ó sì gba ohùn bàbá sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Bàbá ń sọ bí wọ́n ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n ṣe dé Abidjan, àti bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin tó gba Bobo-Dioulasso kọjá wá sí Ouagadougou níbí. Ọdún 1954 ni ojú irin yẹn dé ìlú yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú wa ló sì gba orí rẹ̀ wọlé. Kò sí ìwé tí bàbá kọ. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ni ìwé wọn.

Màmá ní, "Ọmọ mi, ohùn bàbá mi kò jáde. Mo ti gbé e lọ fún ẹnì kan tó ní kọ̀ǹpútà, ó ní kọ̀ǹpútà kọ̀, kò gbà kí òun gbé e sókè."

Mo fi etí sí i. Ohùn bàbá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì ni. Mo fọkàn sí i pé kò le, a óò kàn gbé e sókè ni. Mo pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó dá mi lóhùn pé dẹ́síbẹ́lì méjì péré ló kù tí òun lè fi kún un; dẹ́síbẹ́lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Dẹ́síbẹ́lì méjì! Ekukáká ni etí ènìyàn fi máa mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn inú kọ̀ǹpútà ní àjà. Òdo ni orúkọ àjà yẹn, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń ka gbogbo ohùn wá sísàlẹ̀. Kò sí ohun tó lè kọjá rẹ̀. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá, orí rẹ̀ ni àjà yóò gé pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé èèsún, etí yóò sì gbọ́ ohùn tó ń ya, bíi ti sípíkà tó ti fọ́. Ohùn bàbá, níbi tó ti ròkè jù lọ, ṣì fi dẹ́síbẹ́lì 26 rẹlẹ̀ sí àjà. Àyè ńlá nìyẹn. Kí ló wá dé tí kọ̀ǹpútà fi ní àyè kò sí?

Mo ṣí àwòrán ohùn náà sójú kọ̀ǹpútà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a nà sílẹ̀. Àfi níbi ìṣẹ́jú kọkànlélógún, tí nǹkan kan dìde sókè gọgọrọ bí òpó iná. Mo tẹ́tí sí ibẹ̀. Àwo ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tó sì fọ́, nítòsí tábìlì tí fóònù wà. Ìró àwo yẹn fi dẹ́síbẹ́lì méjì péré rẹlẹ̀ sí àjà.

Ẹ bá mi wò ó. Kọ̀ǹpútà wọn ohùn inú fáìlì yìí ní ìgbà 44,100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìṣẹ́jú wá jẹ́ ìwọ̀n tó lé ní mílíọ̀nù 105. Nínú gbogbo rẹ̀, ìró àwo kò gbà ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Síbẹ̀ òun ló jókòó sórí gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà gbé gbogbo ohùn sókè bákan náà, ẹni tó ga jù nínú wọn ni kọ̀ǹpútà máa wò, níbi tí ìyẹn bá sì ti kan àjà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa dúró sí. Góńgó ni èmi máa ń pe irú ìró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti bá góńgó wí. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ, ìkejì jẹ́ ti ọwọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní limiter dà bí ẹnu ọ̀nà tó kúrú: ẹni tó bá ga, ó di dandan kí ó tẹrí ba kó tó wọlé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní compressor rọ̀ díẹ̀ jù ú lọ. O lè sọ fún un pé bí ohùn bá fi dẹ́síbẹ́lì mẹ́rin kọjá ààlà, kí ó jẹ́ kí ó fi ẹyọ kan kọjá, kí ó gba mẹ́ta yòókù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ yìí kì í sùn, wọ́n kì í sì í ṣàárẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo mọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré gbé kalẹ̀, wọ́n á fi bo gbogbo fáìlì láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á ní ó ti parí.

Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an. Mo máa ń kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ìró. Mo máa ń tẹ́tí sí góńgó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí n mọ ibi tó ti wá: ṣé ikọ́ ni, ṣé ẹ̀rín ni, ṣé ẹnì kan ló fi ẹsẹ̀ gbá tábìlì, ṣé ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ké ni? Lẹ́yìn náà ni mo tó fi ọwọ́ kàn án. Fún ti bàbá yìí, Audacity ni mo lò, ètò ọ̀fẹ́ tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tó jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2000. Mo fa ojú ìwòran náà gbòòrò títí ìró àwo nìkan fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní dẹ́síbẹ́lì 22, òun nìkan. Ó wá fi 24 rẹlẹ̀ sí àjà. Nígbà náà ni mo gbé gbogbo fáìlì sókè ní dẹ́síbẹ́lì 20. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí 20 jẹ́, kí ó mọ̀ pé mẹ́fà péré ti sọ ìgbì ohùn di ìlọ́po méjì, 20 sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bàbá jáde. A gbọ́ mímí wọn. A gbọ́ fáànù tó ń yí lókè orí wọn pẹ̀lú, torí ohun gbogbo tó wà ní ìsàlẹ̀ ló bá ohùn gòkè, kò sí bí a ti lè ṣe é tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá jáde.

Màá padà sí ọ̀rọ̀ àwo yẹn.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, tó bá góńgó wí ṣáájú wa, kò mọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí rédíò orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ níbí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Haute-Volta, téèpù ló wà, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn ló wà, ìka ènìyàn ló sì ń gbé ohùn sókè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní VU, àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ló fẹnu kò lé e lórí ní ọdún 1939. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó máa rìn jẹ́jẹ́ ni, kí ó lè máa bá ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: ó máa ń gbà á tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Ó dára fún ọ̀rọ̀. Kò dára fún ìlù. Kí abẹ́rẹ́ tó gbéra, ọwọ́ onílù ti kúrò lára awọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn BBC fi lo abẹ́rẹ́ mìíràn tó yára ju ìyẹn lọ, tí Nagra náà sì ní tirẹ̀. Nagra ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí Stefan Kudelski, ọmọ Poland tó ń gbé ní Switzerland, kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1951. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Poland ni "yóò gbà á sílẹ̀." Ọ̀pọ̀ oníròyìn rédíò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló gbé e kọ́ èjìká lọ sí abúlé, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ tó wúwo.

Téèpù ní àánú. Bí ohùn bá ga jù fún un, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń fún un mọ́ra, etí sì lè fara da á. Kọ̀ǹpútà kò ní àánú: òdo ni òdo. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí téèpù kọ́ láti máa ti ohùn sókè kí ariwo téèpù má bàa borí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àṣà yẹn dé orí kọ̀ǹpútà, ó bà wọ́n nínú jẹ́. Ẹ̀rọ òde òní tó ń gba ohùn ní bíìtì 24 láàyè nísàlẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ìdí fún ìkánjú. Jẹ́ kí ohùn rẹlẹ̀. A óò gbé e sókè nílé.

Ìlú wa yìí kì í ṣe kékeré nínú ọ̀rọ̀ rédíò o. Níbí ni URTNA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, gbé ilé ẹ̀kọ́ CIERRO sí ní ìparí àwọn ọdún 1970, kí wọ́n lè kọ́ àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè bí a ṣe ń ṣe rédíò fún àwọn ará oko. Níbí náà ni Moustapha Laabli Thiombiano ti dá Horizon FM sílẹ̀ ní ọdún 1987, nígbà tí rédíò aládàáni ṣì ṣọ̀wọ́n gan-an ní àyíká wa. Lónìí, bí ẹ bá yí bọ́tìnì rédíò díẹ̀, ohùn mìíràn ni, ẹ tún yí i díẹ̀, òmíràn ni. Gbogbo wọn ló sì fẹ́ ga ju ara wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ìlù ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí ju ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Àwọn Moosi tó ni ilẹ̀ yìí ní ìlù kan tí wọ́n ń pè ní bendre. Igbá ńlá ni ara rẹ̀, awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ẹ má wò ó pé igbá ni. Ó ń sọ̀rọ̀. Èdè Mooré ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ní tirẹ̀, bendre sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé ohùn yẹn. Òun ló ń ka ìran àwọn ọba, tòun ti àwọn baba ńlá, pẹ̀lú oríkì tí ọba kọ̀ọ̀kan mú nígbà tó jẹ. Olórí àwọn onílù yẹn, Bend Naaba, jẹ́ olóyè láàfin. Wọ́n tún ní lunga, tí wọ́n ń há sábẹ́ apá. Ẹni tó bá ti rí gángan rí, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ìbátan ni wọ́n. Lọ́yà àti akéwì nì, Titinga Frédéric Pacéré, ọmọ Manéga, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí èdè ìlù yìí, ó sì sọ iṣẹ́ náà ní bendrologie. Ọmọ Japan kan, Junzo Kawada, náà jókòó ti àwọn onílù Tenkodogo fún ìgbà pípẹ́, ó ń kọ ohun tí ìlù ń sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ yìí, mo gba ohùn bendre sílẹ̀ níbi ayẹyẹ kan ní abúlé kan ní àríwá Ouaga. Ìgbá tí onílù bá gbá àárín awọ máa ń dún bí ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ tì. Góńgó lórí góńgó. Mo délé, mo gbé limiter lé e, mo sì ní kí ó máa tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó má bàa máa já lulẹ̀ jáìjáì. Gbogbo rẹ̀ wá tẹ́jú bí ẹní. Inú mi dùn. Mo gbé e padà lọ fún àgbà onílù kan kí ó gbọ́. Ó tẹ́tí, ó dákẹ́. Ó ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ ní Mooré, ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Faransé: "Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwọ lo yọ ọ́."

Mi ò yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ló ṣe é, èmi ni mo sì rán an. Bí onílù bá gbá ìgbá ńlá kan, limiter á tẹ ohùn mọ́lẹ̀, torí pé mo sì ti ní kí ó máa tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ohùn nígbà tí ìgbá tó tẹ̀ lé e dé. Ìgbá yẹn kéré, ìka méjì ni onílù fi kàn án. Ẹ̀rọ bá gbé e mì. Etí tèmi kò mọ̀, torí èmi ń gbọ́ ìlù, àgbà yẹn ń gbọ́ gbólóhùn. Ìgbá kan tó sọnù lè mú orúkọ ènìyàn lọ.

Ẹ fi wé tiwa. Bí ìyáàlù bá ní "Kábíyèsí ti dé," ohùn mẹ́fà ni: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, àárín, òkè. Ohùn ìsàlẹ̀ àárín ọ̀rọ̀ yẹn sábà máa ń rọ̀ ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, torí ọṣán dẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bò ó mọ́lẹ̀, kí ni ìyáàlù sọ? Limiter kì í yí ohùn òkè padà sí ìsàlẹ̀ o, kò lè sọ igbá di ìgbà. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó jẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ wa lójú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń ṣe iṣẹ́ lórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni mo fi ń rẹ góńgó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó lè gbà mí ní ọjọ́ méjì fún wákàtí kan. Bí mo bá tilẹ̀ máa lo ẹ̀rọ, ìkẹyìn ni, ó sì gbọ́dọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá kí ìgbá kejì tó dé.

Àwọn góńgó kan sì wà tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn rárá. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ní nǹkan bí aago méje, àwọn olóyè máa ń pé jọ níwájú ààfin Moogo Naaba, ọba àwọn Moosi, níbí. Ọba á jáde nínú aṣọ pupa, aṣọ ogun, bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ìbọn ńlá á dún. Ọba á wọlé padà, á sì jáde nínú aṣọ funfun, aṣọ àlàáfíà. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ya fọ́tò níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má yọ máìkì jáde láìgbàṣẹ. Mo kàn fi ìbọn yẹn ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹni tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú ìkíni àwọn olóyè ti sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìpayà tí ìbọn yẹn ń dá sílẹ̀ wà lára ìtàn náà. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé kí á ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fífi àyè sílẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Wọ́n á ní kí bàbá àgbà máa ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" sínú máìkì, wọ́n á fi ìyẹn díwọ̀n ohùn. Kò sí ẹni tó ń ka oókan tí ohùn rẹ̀ ń ga. Èmi, mo máa ń ní kí wọ́n ké sí ọmọ kan tó wà lẹ́yìn ilé, kí wọ́n pè é bí wọ́n ṣe máa ń pè é. Ohùn yẹn ni ohùn wọn gan-an nígbà tí ìtàn bá dùn. Níbẹ̀ ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, mo sì máa ń rí i pé dẹ́síbẹ́lì 12 kù láàárín rẹ̀ àti àjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ẹ gbé e sórí aṣọ tí a ká, ẹ má gbé e sórí tábìlì lásán, torí ohun gbogbo tó bá kan tábìlì ló máa dún bí ààrá. Ẹ má gbé e síwájú ẹnu tààrà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí fóònù bá láàyè tí a ti lè pa ohun tó ń gbé ohùn sókè tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ pa á. Òun ló máa ń jẹ́ kí fáànù máa bú ramúramù nígbàkigbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sinmi díẹ̀.

Ti ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ouaga mọ̀ ọ́n. Atẹ́gùn rẹ̀ tí ó bá fẹ́ lu máìkì máa ń fi góńgó ńláńlá sílẹ̀ tí ojú rí tí etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́, torí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ jù fún sípíkà kékeré. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rẹ ìyẹn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan ń ṣe wàhálà lásán. Gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò ná, ohùn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan níbẹ̀. Ìdajì góńgó náà á pòórá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ fún bendre, torí ikùn igbá yẹn, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ń gbé.

Ohun kan kù fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wọn wá sí iléeṣẹ́ rédíò. Ẹ má fún ohùn yín pa kí ẹ tó gbé e wá. Ìgbì FM kò gbọdọ̀ yà ju 75 kHz lọ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀, nítorí náà iléeṣẹ́ rédíò gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ká ohùn lọ́wọ́ kò kó tó jáde. Irú èyí tí Orban ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1975, Optimod, ti tàn ká ayé. Bí ẹ bá ti fún un nílé, tí rédíò tún fún un, ohun tó máa dé etí ará ilé ni ìrẹ́kẹ́ tí a ti jẹ omi rẹ̀ tán. Àwọn ará Europe ti rí wàhálà yìí. Ní ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rédíò wọn gbé ìlànà R 128 kalẹ̀ pé kí wọ́n yé fi góńgó díwọ̀n ohùn, kí wọ́n máa wọn bí ó ṣe ń dún létí láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin, kí gbogbo ètò sì dúró síbi kan náà, 23 ní ìsàlẹ̀ àjà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń pariwo polówó ọṣẹ á wá jókòó sórí àga kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ màmá wa.

Mo pè wọ́n wá kí wọ́n gbọ́ iṣẹ́. Mo fi hẹ́dífóònù sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ bàbá wọn ketekete, omijé bọ́ lójú wọn, mo wojú síbòmíràn. Bàbá sọ ti Abidjan, wọ́n sọ ti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sọ ti ìsọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dé orí ọdún 2003, ọdún tí Rood Woko jóná, wọ́n ń ka ohun tó wà nínú ìsọ̀ ní ọjọ́ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójijì bàbá dá ọ̀rọ̀ dúró. Wọ́n ní, "Ṣé kò gé ọ lọ́wọ́?" Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Màmá yọ hẹ́dífóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwo dà?"

Mo ní mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí a gbọ́ bàbá.

Wọ́n ní, "Ìyá mi ló mú àwo yẹn lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá dé orí ọ̀rọ̀ iná ni ó já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi ni bàbá ń bi."

Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ìró. Mo ti wá a lóòótọ́, mo rí i pé àwo ni, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè pé àwo ta ni. Mo jókòó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá gbé àwo padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní sí àyè fún bàbá. Mo fi dẹ́síbẹ́lì mẹ́ta kún un. Orí àwo wá fi ẹyọ kan péré rẹlẹ̀ sí àjà, bàbá sì dúró síbi tí wọ́n wà. Mo tún ní kí fáànù rẹlẹ̀ díẹ̀ láàárín ìró àwo àti ìbéèrè bàbá, kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́.

Màmá ti fún mi láṣẹ pé kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́ ibẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ rẹ ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ nínú ilé. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ bàbá tó ń ka aṣọ, lẹ́yìn náà àwo, lẹ́yìn náà bàbá.